Ọdẹ Bánkì àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Dobcross

Bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ bánkì kan ní Abẹ́òkúta. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á wọ kóòtù kákí wọn, wọn á mú ọ̀pá àti tọ́ọ̀ṣì, wọn á gbé àga sí ẹnu géètì, ó di àárọ̀. Ọdẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bí a ṣe ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣọ́lé nílẹ̀ wa. Mi ò rí i kí wọ́n pa eku rí, ká má tíì sọ ẹran ìgbẹ́. Adìẹ ọdún gan-an, ìyá mi ló máa ń pa á.

Ìgbà ìrúwé ni wọ́n wá kí wa ní Ramsbottom nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n otútù ò gbọ́ pé ìgbà ti yí padà. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èmi wà ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, bàbá sì ń jókòó sí ojú fèrèsé látàárọ̀, fìlà méjì lórí ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí òyìnbó tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, tòun ti ajá kéékèèké méjì tí wọ́n ń pè ní tẹ́ríà.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò wọ́pọ̀. Bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ń pa ọmọ àgùntàn àgbẹ̀ kan, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ajá rẹ̀ á wọ inú ihò tọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ, á máa gbó mọ́ ọn títí tí yóò fi sá jáde bá ẹni tó mú ìbọn dání lóde. Nígbà náà, òfin tó wá ka fífi ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ léèwọ̀ kò tíì jáde.

Lọ́jọ́ kan, ó bi bàbá mi léèrè láti òdìkejì ògiri tó pààlà ilé wa méjèèjì pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe nílé. Bàbá na àyà síwájú, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ìwọ̀nba tí wọ́n ní dáhùn:

"Háńtà."

Ojú ọkùnrin náà tàn bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ nílùú àjèjì. Mo sáré ṣàlàyé pé bánkì ni bàbá ń ṣọ́. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu.

"Kí lo sọ fún un?" bàbá béèrè nígbà tá a wọlé.

"Mo ní bánkì lẹ ṣọ́ ni, bàbá."

"Kí ni wọ́n ń pè mí ní bánkì ọ̀hún?"

"Ọdẹ ni, sà."

"Kí ni òyìnbó ń pe ọdẹ?"

"Háńtà ni, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni? Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn bí ẹlẹ́gbẹ́ kan náà.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọkùnrin náà kanlẹ̀kùn. Àgbẹ̀ kan lókè Dobcross ti pàdánù ọmọ àgùntàn, ọkùnrin náà sì ń fẹ́ kí bàbá bá òun lọ síbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe ògbufọ̀? Ìyàwó mi di mọ́ínmọ́ín fún wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọ ihò, ẹ má gbà."

Nínú ọkọ̀, ajá tó kéré jù, abo funfun onírùngbọ̀n kan, gun itan bàbá, ó sùn. Bàbá ò fọwọ́ kan ajá rí láyé wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí adigunjalè dá lọ́nà, bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Dobcross.

Àgbẹ̀ náà ti gbọ́ pé ọdẹ àgbà kan ń bọ̀ láti Áfíríkà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ bàbá lọ́wọ́, ó sì mú wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan níbi tí ihò pọ̀ sí láàárín òkúta. Ó ní kí n bi bàbá pé inú èwo ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà.

Bàbá gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn. Wọ́n rìn yí ibẹ̀ ká jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń yí ọgbà bánkì ká, wọ́n ń fọwọ́ mi òkúta kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ àgádágodo wò. Níkẹyìn wọ́n dúró síwájú ihò tó fẹ̀ jù, wọ́n fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Ta nìyẹn? Jáde síta kí n rí ojú ẹ!"

Àgbẹ̀ náà yọ́ bá mi. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ń béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ni."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

Ọkùnrin wa so bẹ́líìtì kan mọ́ ajá funfun náà lọ́rùn, kí ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀ lè máa sọ ibi tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ajá wọlé. Kò pẹ́ tá a fi ń gbọ́ gbígbó rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bàbá ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ kalẹ̀, wọ́n ń gbé ìkejì.

Lójijì, gbígbó ajá dáwọ́ dúró. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó ní òkúta ti há a mọ́. Ó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ yọ ọta inú ìbọn rẹ̀, ó fi ìbọn ti ògiri, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Èmi náà bá wọn gbẹ́ ẹ pẹ̀lú bàtà ibi iṣẹ́. Bàbá nìkan la ní kí wọ́n máa ṣọ́ ihò kejì tó wà nítòsí.

Ọkùnrin wa ti dojú bolẹ̀, ó ń fi ohùn tí mi ò gbọ́ kó fi bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí pe ajá náà, nígbà tí mo gbójú sókè. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń jáde níwájú bàbá. Kò sáré. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó wo bàbá lójú.

Bàbá pa ẹsẹ̀ pọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sí iwájú orí, wọ́n kí i bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọjá, ó fo ògiri, ó lọ.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kó lọ?" àgbẹ̀ béèrè. Èmi ni mo fi 'ẹ' ọ̀wọ̀ sí i nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹni tó ń wọlé ni mo máa ń dá dúró. Ẹni tó ń jáde ti parí ohun tó bá wá. Kí ni mo fẹ́ bi í?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Àgbẹ̀ náà ronú títí, ó wá mi orí. Ó ní òótọ́ ni.

A gbé òkúta kan kúrò, ajá sì yọjú, iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kò sí ohun tó ṣe é. Ó kọjá lára ọ̀gá rẹ̀ tó na apá sí i, ó lọ tààrà sídìí mọ́ínmọ́ín.

Ìgbà náà ni bàbá ní kí n sọ fún àgbẹ̀ pé ajá kọ́ ló nílò, ọdẹ ló nílò. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń wá ibi tí wọn yóò gbé àga sí.

"Ẹ fi bàbá sílẹ̀ sọ́dọ̀ àgùntàn?" ìyàwó mi pariwo nígbà tí mo dé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyàwó àgbẹ̀ pè mí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò padà wá, ṣùgbọ́n bàbá ń fọn fèrè ní wákàtí wákàtí láti fi hàn pé àwọn ò sùn. Àgùntàn ò sùn, òun àti ọkọ òun náà ò sùn. Ó bẹ̀ mí kí n wá mú wọn. Itan àgùntàn kan ni bàbá gbé sẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ní àgbẹ̀ fún àwọn ní líìfù, ìsinmi ẹnu iṣẹ́, ni.

Bàbá padà sí Abẹ́òkúta. Òfin dé, tẹ́ríà méjèèjì sì di ajá orí àga. Mo gbọ́ pé àgbẹ̀ ti ra alùpákà kan, ẹranko ọlọ́rùn gígùn tó jọ ràkúnmí kékeré, pé ó ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò lára ọmọ àgùntàn. Nígbà tí mo lọ sílé, mo fi fọ́tò rẹ̀ han bàbá. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́.

"Yóò ṣe é," wọ́n ní. "Ojú ẹ̀ jọ ti súpáfáísọ̀, ọ̀gá wa ní bánkì."