Eyín Kan Lẹ́nu Lazarus Onítáìsì

Ilé tuntun tí Lazarus lẹ táìsì sílẹ̀ rẹ̀ ní Egbeda àti àwọn abúlé tó yí i ká pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ kò lè ka gbogbo wọn tán. Àwọn tó ń kọ́lé máa ń sọ pé bí èèyàn bá da omi sórí ilẹ̀ tí Lazarus lẹ, omi náà kò ní dúró níbì kankan, ojú ihò ló máa gbà lọ tààrà. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́hùn-ún, èyí tí àwọn ará Egbeda ń pè ní Kùtọnu. Ó tẹ̀ lé àwọn bíríkìlà kan wá sí Ìbàdàn nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, láti ìgbà náà ni kì í ti í lọ sílé àfi bí ọdún bá ń parí lọ, tí á lọ wo ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí náà èdè kò ni í lára ní Egbeda. Kìkì pé ó máa ń fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, tó sì ń pe àwọn nǹkan kan lórúkọ tí àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì fún un máa ń fi ṣe ẹ̀rín rín. Síbẹ̀, àjèjì ni. Lazarus Kùtọnu ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò dé ìlú Kùtọnu rí láyé rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Àlàájà Mùjíbátù ló ń gbé, lẹ́yìn ọjà, nínú yàrá kan tó kọjú sí ibi tí Àlàájà ti ń yan gàrí. Mùsùlùmí ni Àlàájà, Lazarus sì ń lọ sí ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ibẹ̀ ló ti ń dá orin fún wọn. Bí ó bá di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ó wọ sùtánà funfun, tí ó ń lọ láìwọ bàtà, Àlàájà á gbójú sókè nídìí agbada gàrí, á ní, “Bá mi gbàdúrà o, Lazarus. Ṣùgbọ́n má fi ariwo pa Ọlọ́run létí.”

Ìgbà òjò tó kọjá ni eyín náà bẹ̀rẹ̀. Eyín ìjẹun kan ni, nísàlẹ̀, lẹ́yìn pátápátá lápá òsì. Bí ó bá mu omi tútù, á ta á. Kò kà á sí. Nígbà tí ó wá ń ta á láìmu nǹkan kan, ó ra kànáfùrù lọ́jà, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ inú ihò eyín. Ó ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ti kẹ́mísìtì, tí wọ́n ń di oògùn ìrora àti kápúsù pọ̀ fún un nínú bébà. Bí ó bá lò ó, ara á tù ú. Bí ó bá ti tán, ìrora á padà dé, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Dókítà eyín kan wà lójú títì Ifẹ̀, Fọlájìmí lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí Lazarus dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tan iná sí i lẹ́nu, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan eyín náà. Lazarus fò sókè lórí àga.

“Eyín yìí ṣì ṣeé tún ṣe,” ni dókítà wí. “A máa fọ inú rẹ̀, a máa dí i, a ó sì wá nǹkan fi bò ó.” Ó sọ iye tó máa ná an.

Iye náà tó owó tí Lazarus ń gbà lórí odindi pálọ̀. “Ẹ kúkú yọ ọ́ fún mi, dókítà,” ló wí.

“A ní láti kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ká lè mọ bí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe dúró. Ìyẹn náà ní owó tirẹ̀.” Ó wo ojú Lazarus, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò wọlé. “Ẹ ò ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba? Ó máa rọ̀ yín lọ́rùn gan-an. NIN yín nìkan ni wọ́n máa béèrè.”

“Màá lọ síbẹ̀, dókítà. Ẹ ṣeun.”

Kò sọ fún un pé òun kò ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún àwọn aráàlú. Ìwé kan ṣoṣo tó ní ni káàdì ìlú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ṣá. Ìyàwó rẹ̀ sọ lórí fóònù pé kó máa bọ̀ wálé, pé àwọn á wá ẹni tó máa yọ ọ́. Lazarus ní kó jẹ́ kí òun parí ilé tí òun ń ṣe lọ́wọ́ ná.

Láìpẹ́, ẹgbẹ́ kan gbé ìtọ́jú eyín ọ̀fẹ́ wá sí ọgbà ilé ìwé kan ní Egbeda. Àlàájà ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde kiri, ó sáré wá sọ fún un. Lazarus wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ bó bá ń lọ sílé, ó lọ tò sórí ìlà. Oòrùn mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lù kìkì. Nígbà tó kàn án, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kò gbójú sókè.

“Ẹ pe nọ́ńbà NIN yín.”

“Mi ò ní, àǹtí.”

“Káàdì ìdìbò ńkọ́?”

“Mi ò ní ìyẹn náà.”

Ó wá gbójú sókè wò ó. “Ọmọ ibo ni yín?”

“Ṣábẹ̀ẹ́.”

“Ìjọba ìbílẹ̀ wo nìyẹn?”

Kí Lazarus tó lanu, ẹnìkan ti dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. “Kùtọnu ni wọ́n. Ṣé èyí tí kò tó wa yìí ni wọ́n tún máa wá bá wa pín?”

Ó yíjú wò, ó rí i pé obìnrin àdúgbò rẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n jọ máa ń kí ara wọn láràárọ̀. Obìnrin náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n,” ni ọmọbìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Àwọn tó gbé oògùn wá ló ní ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ yìí nìkan. Bí mo bá tilẹ̀ kọ orúkọ yín, wọ́n máa fagi lé e nínú lọ́hùn-ún.”

Lazarus dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì sún síwájú.

Ilé tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà wà ní abúlé kan lọ́nà Ìjàyè. Lìádì, bíríkìlà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ló bá a wá iṣẹ́ náà. Láràárọ̀ ni Lìádì ń rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tó ń fi ọwọ́ kejì lẹ táìsì. Àánú rẹ̀ ṣe é.

“Baba kan wà ní Ṣáṣá tó ń yọ eyín,” ló wí. “Sàníù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó ti bá dókítà eyín ṣiṣẹ́ rí. Kò wọ́n, kò sì ní bi ọ́ pé ọmọ ibo ni ẹ́.”

Bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọ́n sọ̀ ní Ṣáṣá. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì sílẹ̀ ni baba náà jókòó sí, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan, pẹ̀lú àwo irin tó kó ẹ̀mú sí àti ìgò sípíríìtì. Àwọn èèyàn mìíràn ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì, ìyẹn sì fi Lazarus lọ́kàn balẹ̀. Sàníù ní kó ya ẹnu. Ó fi òwú tó rin sínú nǹkan kan pa èrìgì rẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì há orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ki ẹ̀mú bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ó fà á títí. Lìádì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun kan dún lẹ́nu Lazarus bí ìgbà tí táìsì bá là sí méjì, ẹ̀jẹ̀ sì kún ẹnu rẹ̀. Sàníù gbé eyín náà sókè. Òkè rẹ̀ nìkan ló jáde.

“Gbòǹgbò rẹ̀ ló kù,” ló wí. “Má dààmú, ara á tì í jáde fúnra rẹ̀.” Ó fi òwú dí ojú ibẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Lazarus sùn bí kò ti sùn rí láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì dì í, ó lọ síbi iṣẹ́, torí pé onílé ti dá ọjọ́ tó máa kó wọlé. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, ó le gan-an bí igi. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí mọ́ ju kí ṣíbí kékeré wọlé lọ. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ torí pé kò lè gbé e mì. Ìyàwó rẹ̀ pè é, ó dáhùn, obìnrin náà sì bi í pé, “Ta nìyí? Ta ni Lazarus gbé fóònù rẹ̀ fún?” Lazarus pa fóònù náà.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì gbàdúrà sí omi, ó gbé e fún un, omi náà sì padà gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dà sílẹ̀. Wòlíì fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. “Arákùnrin, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ báyìí. Àdúrà á máa tẹ̀ lé ọ lọ.” Lazarus mi orí pé òun á lọ. Ṣùgbọ́n ilé ló lọ. Ohun tó ń rò ni tábìlì mìíràn, ẹlòmíràn tó máa ní kó pe nọ́ńbà rẹ̀, bóyá kí wọ́n tilẹ̀ pe ọlọ́pàá sí i.

Níbi tí Àlàájà ti ń ṣe àlùwàlá àsùbáà ló ti gbọ́ nǹkan kan tó ń dún bí ayùn lára igi. Ó tẹ̀ lé ohùn náà dé ẹnu ọ̀nà Lazarus. Ó bá a níjòókòó, ó tẹrí síwájú, ahọ́n rẹ̀ ti gbé sókè nínú ẹnu, ó ń jà kí ó lè mí.

“Yéè! Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé inú ilé mi lo fẹ́ kú sí ni?”

“Ìwé, Àlàájà,” ni Lazarus wí, ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yé èèyàn. “Mi ò níwèé.”

“Ìwé wo? Ìwé lo fẹ́ fi mí èémí ni? Dìde!”

Ó pariwo pe àwọn ará ilé, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ máíkírà kan tó ń lọ kó èrò, ó di ilé ìwòsàn ńlá kan nínú Ìbàdàn. Bí nọ́ọ̀sì ṣe rí i báyìí ni wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n béèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí i kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ.

“Kí lẹ jẹ́ sí i, Mama?”

“Ìyá rẹ̀ ni mí.”

Nọ́ọ̀sì wo ìbòrí rẹ̀, ó tún wo orúkọ tí òun kọ sórí fọ́ọ̀mù. “Lazarus ni wọ́n ń jẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bí i,” ni Àlàájà wí, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè NIN lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n gún ihò sí i lọ́fun kí ó lè máa mí, wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ọyún púpọ̀ sì jáde. Dókítà tó ṣe é pe Àlàájà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Láti ara eyín ló ti bẹ̀rẹ̀, Mama. Ọyún rẹ̀ ti gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. À ń ṣe ohun tí apá wa ká, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.”

Ó lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ihò ọ̀fun náà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè, Àlàájà gbé fóònù sí i létí. Ohùn obìnrin náà ń jáde, ó ń pè é, ó ń bi í pé kí ló dé tí kò dáhùn. Lazarus gbé ọwọ́, ó ń fi èékánná kan ẹ̀yìn fóònù náà, kó, kó, kó.

“Ó ń gbọ́ ẹ,” ni Àlàájà pariwo sí i. “Ohun tó ń dún yẹn, òun ni. Máa bá a sọ̀rọ̀ lọ.”

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ló kú. Nígbà tí wọ́n sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò kọ́kọ́ sunkún. Ó ní, “Eyín? Ẹ ní eyín?” Ó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ léraléra, bí ẹni pé ìdáhùn mìíràn wà tí wọ́n fi pa mọ́ fún òun.

Ọlọ́runṣògo, àbúrò Lazarus, ló wá láti Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n wádìí bí wọ́n ṣe lè gbé òkú náà kọjá bọ́dà, wọ́n sì rí i pé àwọn kò lè rí gbogbo ìwé tó gbà. Ìjọ ló fún wọn nílẹ̀. Lìádì fúnra rẹ̀ ló mọ búlọ́ọ̀kù yí inú sàréè náà ká, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Nígbà tó parí, ó jókòó sórí yẹ̀pẹ̀, ó ní, “Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ Sàníù ní Ṣáṣá.” Àlàájà gbọ́ ọ. Ọlọ́runṣògo kó àwọn irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì padà sílé.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Àlàájà wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣáṣá. Ó ti ro gbogbo èébú tó máa bú Sàníù láti ilé. Ó bá a lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó dúró sí i lórí, ó ń pariwo.

“Ìwọ lo pa Lazarus! Ọmọ Kùtọnu tí o kán eyín mọ́ lẹ́nu, ó ti kú o!”

Àwọn èèyàn yíjú. Sàníù gbé ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Mi ò rántí rẹ̀, Àlàájà. Wọ́n pọ̀. Ọlọ́run á dárí jì í.” Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì. “Ẹ bá mi sọ fún àwọn wọ̀nyí kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá lọ, màá di ẹrù mi.”

Àlàájà yíjú sí wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan jókòó tì í, iyẹ̀pẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di ojú méjèèjì pọ̀ nítorí ìrora.

“Ẹ dìde,” ni Àlàájà wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀.”

Obìnrin náà wò ó, ó mi orí díẹ̀ pé rárá, kò sì kúrò lójú kan. Ọkùnrin àgbẹ̀ náà kò tilẹ̀ la ojú. Àlàájà dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, àwọn alábàárù ń fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, ó rọra kúrò lọ́nà fún wọn, ó ń wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Egbeda.