Afọlábí Tó Ń Fi Ẹnu Yan Fítà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló jẹ́ kí n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kì í ṣe orúkọ ọ̀gá ilé-ìwé kankan ni n óò dá. Afọlábí ni, mẹkáníìkì alùpùpù tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ igi ọdán lọ́nà Sẹ́kọ́nà, nílùú Ẹdẹ wa níbí. Ọkùnrin náà kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, Afọlábí yóò ti sọ ohun tó ń ṣe é kí ẹni tó gùn ún tó bọ́ sílẹ̀.

Agboolé àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ku ọdún kan kó gba òmìnira ni ọ̀gá rẹ̀ lé e, nítorí ó sọ lójú oníbàárà pé ohun tí ọ̀gá fẹ́ tà fún un kì í ṣe ojúlówó. Ó padà sílé pẹ̀lú sípánà mẹ́ta. Àwọn ará ilé rẹ̀ bínú sí i gan-an. Èmi tí mo gbọ́ ìtàn náà, ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé òun ni yóò máa tún alùpùpù mi ṣe.

Ọdún 1984 ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ò tíì pẹ́ lórí oyè, ìlú sì le koko. À ń tò láti ra mílíìkì, à ń fi ọṣẹ pamọ́ fún àlejò. Abẹ́ Ìbàdàn ni Ẹdẹ ṣì wà nígbà náà, láti ibẹ̀ ni ìwé ìdádúró sì ti ń jáde tí wọ́n fi ń lé àwọn tíṣà lọ sílé. Tíṣà tí kò bá sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò bá wá ka orúkọ, kó máa wá oko ro. Ìlú Ara ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, Ẹdẹ sì ni èmi, Comfort ìyàwó mi, àti ọmọ wa mẹ́ta ń gbé. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ara láàárọ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà Sùsúkì mi ló ń gbé mi lọ, òun ló sì ń gbé mi bọ̀. Bí ó bá kọṣẹ́, èmi náà kọṣẹ́ nìyẹn.

Alùpùpù yẹn ní fítà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá gùn ún rí: asẹ́ bébà kékeré kan ni, tó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára ọ́ìlì kí ọ́ìlì náà tó gòkè lọ sáàárín àwọn irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì. Ojúlówó rẹ̀ ti di àwátì, nítorí àwọn oníṣòwò ò rí ìwé àṣẹ gbà láti kó o wọlé. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá láti Òṣogbo nínú ọ̀rá ló kù lọ́jà, èyí tí kò lórúkọ, tí kò sì ní ìlú. Táíwàn la ń pè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá ní ti gidi. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ rà á. Wọn a fi pẹtiróòlù fọ ti àtijọ́, wọn a sá a sórí páànù, wọn a tún dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì. Afọlábí kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí rárá.

“Bébà kì í ṣe aṣọ,” ni yóò máa wí. “Tí ẹ bá fọ bébà, kí lẹ fẹ́ kó ṣẹ́kù?”

Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń yan Táíwàn. Bí wọ́n bá gbé mẹ́fà síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ mi ọ̀kọ̀ọ̀kan létí, nítorí èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò mú dáadáa máa ń dún. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ yíká. Yóò gbé e sójú oòrùn, yóò wò ó bóyá wọ́n ká bébà náà dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ihò rẹ̀ sẹ́nu, tí yóò sì fi èémí fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá kọjá wéré, bébà ti ya. Bí kò bá kọjá, gọ́ọ̀mù ti dí i. Èyí tó bá ta kò ó díẹ̀ kó tó gbà fún un, òun ló ń mú. Nínú mẹ́fà ó lè rí méjì, yóò sì kó ìyókù padà fún ẹni tó tà á, wọn yóò jọ pariwo títí ó fi sú wọn. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Afọnfèrè.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ló máa ń di ìṣòro lóṣù ààwẹ̀. Àwọn fítà yẹn máa ń ní òróró kan lára tí kì í tètè kúrò lórí ahọ́n, Afọlábí kì í sì í jẹ́ kí ohunkóhun kan ẹnu rẹ̀ láti ìdájí títí di ìṣínu. Nítorí náà, bí oníbàárà bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọn yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì bíi tèmi, oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò fẹnu fẹ́ ẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún náà, mo lọ bá a. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti sọ fún wa pé lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Mi ò fẹ́ kí Sùsúkì dójú tì mí, mo sọ ti àwọn aláyẹ̀wò fún un, mo ní kó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà. Ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ gba ibẹ̀ lọ, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ti fọ ẹnu, mo ti fi páódà sọ́rùn. Afọlábí mi Táíwàn létí, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sójú oòrùn, ó sì nà án sí mi.

“Tíṣà, ẹ bá mi fẹ́ ẹ. Ẹnu mi ò sí nílé,” ni ó wí. “Ẹ rọra ṣe é, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń ta kò yín.”

Mo gbà á. Òórùn kẹrosíìnì àti rọ́bà jíjóná ló ń bọ̀ lára rẹ̀. Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo gbé fítà náà súnmọ́ ẹnu ku ìka kan, mo wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo sì mí fúù sínú afẹ́fẹ́.

“Ó dára,” ni mo wí. “Ó ta kò mí díẹ̀, ó sì gbà.”

Mo tún fi èyí kún un! Èmi tí mo máa ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́. Afọlábí ò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. “Tíṣà ti wí i,” ni ó sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, ó da ọ́ìlì àtijọ́ sínú ọpọ́n. Ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta, ó ṣí ìdérí, ó yọ sípíríǹgì, ó sì fa fítà àtijọ́ jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi àkísà nu inú ibẹ̀ dáadáa. Ó fi ìka pa ọ́ìlì tuntun sára rọ́bà ìdérí kó má baà ya. Ó ti Táíwàn wọlé, ó jẹ́ kí ojú tó ní ihò kọjú sínú, ó ní àwọn kan máa ń yí i padà tí wọ́n á sì pa ẹ́ńjìnnì olówó. Ó dá sípíríǹgì padà, ó dé e, ó sì ń fún nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀kan má ṣe le ju èkejì lọ. Ó bu ọ́ìlì sí i, ó fẹsẹ̀ ta á kó ṣiṣẹ́, ó tẹríba wò ó bóyá ó ń jò. Kò jò.

“Tíṣà, Táíwàn ni o,” ni ó wí nígbà tí mo fẹ́ máa lọ. “Tí ẹ bá gbọ́ tí orí ẹ́ńjìnnì ń dún ṣakaṣaka, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé yín dé ibì kankan.”

Ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo gùn ún dé lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ajé, mo jáde nílé ní nǹkan bí aago méje kù díẹ̀. Mo ti rìn tó ìdajì ọ̀nà Ara nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣakaṣaka. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹni ń gbọn owó ẹyọ nínú agolo, kó tó di ariwo gidi. Mo rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí mo wú láìfẹ́ nǹkan kan. Mo pa á.

Mo dúró sójú ọ̀nà. Mo rò ó pé kí n gùn ún bẹ́ẹ̀, kó jóná bó bá fẹ́ jóná. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí ni n óò fi lọ lọ́jọ́ kejì? Bí mo bá sì fẹsẹ̀ rìn, wọn yóò ti ka orúkọ tán. Àgbẹ̀ kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó ń lọ sí Ẹdẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dé ọ̀dọ̀ Afọlábí lọ́nà Sẹ́kọ́nà, kó ní Tíṣà wà lójú ọ̀nà Ara. Lẹ́yìn tó lọ, mo gbàdúrà, mo sì tijú àdúrà náà.

Aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Afọlábí yọ lórí Họ́ńdà ògbólógbòó rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí, ó sì na kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí mi.

“Ẹ gun tèmi. Aago mélòó ni wọ́n ní?”

“Mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ẹ wà lẹ́nu ààwẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ mi ò gbààwẹ̀,” ni ó wí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti Sùsúkì padà sọ́nà Ẹdẹ.

Mo wọ ọgbà ilé-ìwé nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ lọ́wọ́. Mi ò tíì bọ́ sílẹ̀ tán nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi. “Bámidélé!” Mo kígbe pé, “Mo wà níbí, sà!” gbogbo ọmọ ilé-ìwé sì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà méjì kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Ara ọ̀kan nínú wọn kò yá ni. Àwọn méjèèjì kò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, àwọn oníbàárà kan àti mẹkáníìkì méjì dúró yí Afọlábí ká. Ó ti fi ọ̀bẹ la fítà náà, ó gbé e sórí àpótí. Gọ́ọ̀mù ti bo inú rẹ̀, ibi tín-ín-rín kan ló kù tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì ń rẹ́rìn-ín pé Afọnfèrè ti ṣi fèrè fọn.

“Èmi ni mo yàn án,” ni Afọlábí ń wí. “Èmi ni mo jẹ̀bi.”

Mo kí Kúlúsúmù, kò dáhùn dáadáa. Ó fà mí sẹ́yìn òkìrìkà rẹ̀. “Tíṣà, ẹ mọ̀ pé ọkọ mi, Bàbá Fawziyah, mu omi lónìí? Àwọn èèyàn ló bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí létí ọ̀nà, òòyì ń kọ́ wọn. Láti kékeré, ààwẹ̀ kan ò bọ́ lọ́wọ́ wọn rí.”

Mo rìn lọ sáàárín wọn, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.

“Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe ẹ̀yin. Mi ò fẹ́ ẹ. Mi ò fẹnu kàn án rárá. Irọ́ ni mo pa.”

Afọlábí nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà.

“Mo mọ̀,” ni ó wí. “Nígbà tí omi ti kan ẹnu mi tán, tí mo sì tú u níbí, mo gbé e sẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lóòótọ́ á ti mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, ẹ wá ń sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi?”

“Ta ló ni iṣẹ́? Ǹ bá ti fi í sílẹ̀ di ìṣínu. Èmi ni mo pa ẹnu tèmi mọ́ tí mo ní kí ẹ lo tiyín.”

“Ààwẹ̀ yín ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Tí a bá ti ṣọdún tán, n óò san án, Ọlọ́run fi àyè sílẹ̀ fún un. Ká ní wọ́n fa orúkọ yín yọ ní Ara, ta ni ì bá bá yín gba ìyẹn padà lọ́wọ́ ṣọ́jà?”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ ọlọ́ìlì yẹn, mo sì sunkún. Ó ní kí n dìde, pé mò ń dí ẹni tó fẹ́ gbé máṣíìnì rẹ̀ wọlé lọ́nà.