Ebè Tó Kọjú sí Òkè

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Àmúró kọjá, ẹ ó rí àpáta ńlá kan tó dùbúlẹ̀ bí erin tó sùn. Oko Ọlọ́runlékè ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọmọ rẹ̀, Bólúwadúró, ní oko ríro, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dè é. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò pọ̀ tó ariwo rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Dúró. Tabitha ìyá rẹ̀ fi aṣọ di ọwọ́ náà, ó fi ata pa á, ọwọ́ ò gbọ́. Ọjọ́ tí ọmọ gbé ọkọ́, òsì ló fi gbé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí èèyàn bá kọ ebè tán, a fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè dì. Ojú ebè nìyẹn. Gbogbo ebè Àmúró ló kọjú sí odò. Ti Dúró nìkan ló kọjú sí òkè. Lọ́jọ́ àáró, tí àwọn ọ̀dọ́ bá pé jọ láti bá ara wọn roko, yẹ̀yẹ́ ò ní tán lẹ́nu wọn.

"Dúró, ebè rẹ tún kẹ̀yìn sí tiwa. Ṣé ó ń bá wa jà ni?"

"Ẹ dúró dìgbà tí a bá wa iṣu."

Iṣu rẹ̀ a sì tóbi ju tiwọn lọ. Bàbá rẹ̀ a rẹ́rìn-ín, a gbé orin:

Fà á, kó o jọ,
— Iṣu ń bọ̀.
Gbá a kó má wó,
— Iṣu ń bọ̀.
Ebi ò mọ ilé wa,
— Iṣu ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ebi padà mọ ilé náà. Ọlọ́runlékè kú. Dúró jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ ò sí, ó sì ní ọkọ́ kì í ṣe ti ẹni tó kàwé. Ó lọ sí Lọ́kọ́ja, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael, tó máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, wò ó lójú lọ́jọ́ kan.

"Awakọ̀ tó mọ ọ̀nà igbó tó báyìí kì í gbé èrò."

"Kí ló ń gbé?"

"Àwa."

Báǹkì àkọ́kọ́ tí wọ́n fọ́, Dúró ò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìkejì, ó sọ̀kalẹ̀. Ìkẹta, òun ló ń pàṣẹ. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀ sínú kànga nìyẹn: ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ojú ọ̀run ń kéré sí i. Ní ìkarùn-ún, ọkùnrin ará Ìyàrá kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báǹkì ṣubú, kò dìde mọ́. Dúró ní òun kọ́ ni òun yìnbọn. Bóyá òótọ́ ni. Ọmọ mẹ́ta tí ọkùnrin náà fi sáyé ò bèèrè ìbọn ta ni.

Gbogbo owó tó bá fi ránṣẹ́ sílé, ẹni tó gbé e wá náà ni Tabitha ń gbé e lé lọ́wọ́ padà. Kò tú u wò rí.

Wọ́n mú Dúró. Ó ṣàìsàn lẹ́wọ̀n, ó gba ojú fèrèsé ilé ìwòsàn sá lọ, ó tún lọ fọ́ báǹkì, wọ́n tún mú un. Michael kú lọ́jọ́ yẹn. Adájọ́ wá sọ Dúró sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Tabitha lọ wò ó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

"Iye, okun o." Iye là ń pe ìyá nílé wa, okun sì ni ìkíni wa.

"Okun. O ti gbẹ bí igi ìdáná."

"Ta ló ń bá yín kọ ebè?"

"Afẹ́fẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan, kí wọ́n mú nǹkan wá fún—"

"Ọ̀rẹ́ rẹ! Dúró, owó rẹ ò wọ ẹnu mi rí, kò sì ní wọ ọ́. Bí o bá fẹ́ bọ́ mi kí n tó kú, wá kọ ebè fún mi!"

Ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Ó mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò jẹ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ rí, èyí tí ìyá fi inú bíbí rán an ló wá di mú.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ sí oko ìjọba láti kọ ebè. Òjò ńlá dé, àwọn wọ́dà sá sábẹ́ igi. Dúró dojú bolẹ̀, ó wọ́ gba inú poro wọ igbó, tòun ti ọkọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rìn kó tó dé inú ihò àpáta tó máa ń sá sí ní kékeré. Láti ibẹ̀ ó rí oko wọn. Ìyá rẹ̀ ti ṣán an mọ́, kò lágbára àtikọ ọ́.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Aago ṣọ́ọ̀ṣì dún, ọ̀nà oko dá páropáro. Dúró sọ̀kalẹ̀. Ó kọ ebè láti ìgbà aago títí oòrùn fi rẹlẹ̀, ó ń fi imú kọ orin bàbá rẹ̀. Ọgọ́fà ebè! Kò ronú báǹkì, kò ronú wọ́dà. Kò sì ronú pé ebè ní ojú. Ó padà sókè. Ó ní bí òun bá ti rí i pé ìyá òun rí ebè náà, òun á gba ẹ̀yìn àpáta bá tòun lọ.

Láàárọ̀, Tabitha dé pẹ̀lú ọkọ́ àti agbọ̀n èèbù, láti gbìn sínú ìwọ̀nba ebè tí agbára rẹ̀ bá ká. Ó rí ebè, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó fọwọ́ pa ojú ebè kan, ibi tí ọkọ́ ti gbá a, ó sì gbé ojú sí òkè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o.

Ọkàn Dúró bà jẹ́. Bó ṣe ń dá owó padà náà ló tún ń da ebè nù yìí! Àfi ìgbà tó rí i pé bí ìyá náà bá ṣán ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan, a wo ojú ọ̀nà. Ó yé e. Ọlánípẹ̀kun, olórí ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ọ̀nà yẹn ló ń gbà láràárọ̀. Rédíò ti sọ pé ẹlẹ́wọ̀n sá. Ta ni kò mọ ebè Dúró?

Tabitha wó mẹ́wàá. Ní ìkọkànlá ó ṣubú. Ó dìde, ó ṣán ọkọ́, ó tún ṣubú. Ìró fèrè tí Ọlánípẹ̀kun fi ń pe ajá rẹ̀ ti ń dún lókèèrè. Ẹ̀yìn àpáta ṣófo, igbó ló lọ títí. Dúró sọ̀kalẹ̀.

"Iye, ẹ fi sílẹ̀."

"Padà! Padà, ọmọ burúkú!"

"Ẹ̀yìn yín á kán."

"Kó kán! Ta ló ní kí o wá?"

"Ẹ̀yin ni."

Tabitha tún gbé ọkọ́ sókè, Dúró dì í mú. Ọwọ́ àwọn méjèèjì wà lára ọkọ́ kan náà nígbà tí Ọlánípẹ̀kun dé pẹ̀lú ọdẹ méjì. Kò kọ́kọ́ wo Dúró. Ebè ló wò.

"Tabitha, okun o. Láti orí ọ̀nà lọ́hùn-ún ni mo ti rí i."

Ìyá wólẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nítorí Lékè ọ̀rẹ́ yín."

"Ọkùnrin Ìyàrá yẹn náà ní ìyá." Ó yíjú sí àwọn ọdẹ. "Ọwọ́ òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ dì."

Dúró na ọwọ́ náà sí wọn. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún àwọn tó wó yìí kọ ná. Mọ́kànlá péré ni."

Ọlánípẹ̀kun wo ojú oòrùn bí ẹni tó ń rò ó. "Ọlọ́pàá tí mo pè ti ń bọ̀ láti Mopa," ló sọ.

Ẹ̀wọ̀n ọ̀nà jíjìn kan ní Òkè Ọya ni wọ́n gbé e lọ, ibi tí ẹsẹ̀ ìyá arúgbó ò lè dé. Tabitha ò tún lọ sí oko náà mọ́. Èèbù jẹrà sínú agbọ̀n lẹ́bàá oko. Koríko bo èyí tó wó àti èyí tí kò wó. Iṣu tí Tabitha jẹ lọ́dún yẹn, ọjà Mopa ló ti rà á.