Bí Màámi Ṣe Ná Ìwé Pé Òun Ṣì Wà Láàyè

Lọ́dọọdún ni ìjọba máa ń béèrè bóyá màámi ti kú. Wọn kì í sọ ọ́ báyẹn o. Wọ́n máa ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì wá fara hàn, kí owó ìfẹ̀yìntì wọn má baà dúró. Ṣùgbọ́n màámi, tó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba títí orí rẹ̀ fi funfun, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Tí àsìkò náà bá ti tó, á ní, "Wọ́n tún ti ń béèrè bóyá mo ti kú. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."

Nígbà kan, ńṣe ni wọ́n máa ń lọ tò sórí ìlà nínú oòrùn, tí àwọn àgbàlagbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi hàn pé àwọn wà láàyè. Ní báyìí, orí fóònù ni. Èèyàn á wọ ìkànnì ìjọba, á wo inú fóònù, fóònù náà á wò ó padà, ó parí. Nígbà tí wọ́n gbé ètò yìí dé, mo dúpẹ́, mo ní ìtura ti dé bá wa. Àṣé n kò tíì mọ irú màmá tí mo ní.

Ilé tí òun àti bàbá wa kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni màámi ń gbé. Bàbá ti lọ, àwa ọmọ ti fọ́n ká, òun nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn adìẹ rẹ̀ àti igi ọsàn kan tó máa ń bá wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi wà, níbi tí mo ti ń ta ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Èkó. Ó pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi yìí ti fẹ́ kó màámi lọ sọ́dọ̀. Ó ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ fún un lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yàrá tó mọ́, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì jẹ́ pé ògiri ilé ẹlòmíì nìkan lèèyàn máa ń rí láti ojú fèrèsé rẹ̀.

Ó sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa níjọ́ ọdún Àjíǹde: "Màámi, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá lù yín ní jìbìtì lórí fóònù yẹn, ọjọ́ náà ni màá gba fóònù, màá gba káàdì báǹkì, màá sì kó yín kúrò ní Ìmùṣin." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú màámi nígbà tó sọ ọ́. Obìnrin yẹn kò bẹ̀rù ikú tó bó ṣe bẹ̀rù yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wakọ̀ lọ sí Ìmùṣin láti lọ bá màámi fi ojú rẹ̀ han ìjọba, torí pé ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn ètò náà. Ìta gbangba ni mo ti bá màámi, ó jókòó sórí àga, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín ọjọ́ tó bá ra nǹkan lọ́pọ̀ ni.

"O ti pẹ́ jù," ó wí. "Mo ti ṣe é."

"Ẹ ti ṣe kí ni, mà?"

"Mo ti gbàwé pé mo wà láàyè." Ó na fóònù sí mi. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó ní òǹtẹ̀ ẹyẹ idì àti ẹṣin funfun méjì, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé àwọn jẹ́rìí sí i pé màámi wà láàyè, àti pé ìwé náà máa ṣiṣẹ́ títí di ìparí ọdún.

"Títí di ìparí ọdún?" mo ní. "Tó bá di January ńkọ́?"

"Wọ́n ní a óò tún un ṣe." Ó rọra tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n o ò tíì gbọ́ eléyìí tó dùn. Mo ná wọn."

Ní Ìjẹ̀bú, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń mú inú àwọn màmá wa dùn ju èyí lọ. Mo fa àga, mo jókòó.

Ó ní òun wá ìkànnì náà fúnra òun, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò lè dá nǹkan ṣe. Méjì ló jáde. Ọ̀kan ní ọ̀fẹ́ ni, ọ̀kan ní a máa gbowó.

"Èyí tó gbowó ni mo mú," ó wí.

"Ẹ fi ti ọ̀fẹ́ sílẹ̀?"

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ṣé mo ya wèrè ni? Mo pín oògùn ọ̀fẹ́ fún aráyé nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ bí oògùn náà ṣe rí. Nǹkan tó dáa, wọ́n máa ń gbowó lé e."

Ó wá ròyìn bí ọjà náà ṣe lọ. Wọ́n fi nọ́ḿbà kan síbẹ̀, ó pè é. Ọkùnrin kan tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ló gbé e, ó kí i dáadáa, ó sì dárúkọ iye kan. Màámi ní ilẹ̀ kọ́ lòun fẹ́ rà. Ọkùnrin náà dín díẹ̀ kúrò. Màámi ní ó ṣì wọ́n, pé èèyàn kan péré lòun, òun ò ní kí wọ́n fún gbogbo ìdílé òun ní ìwé. Ọkùnrin náà ní òun ò lè dín in kù mọ́. Bí màámi ṣe máa ń ṣe nídìí ìsọ̀ tí wọ́n bá ti ṣorí kunkun ló ṣe: ó ní "Ó dàbọ̀ o," ó sì pa fóònù.

"Mo kúrò nídìí ìsọ̀," ó wí, ó pàtẹ́wọ́. "Mo ń lọ láìwẹ̀yìn. Ó pè mí padà! Ó ní, 'Màmá, ẹ mú owó wá.' Ìgbà yẹn ló dá mi lójú pé olóòótọ́ èèyàn ni. Oníjìbìtì kì í dínwó fúnni. Ẹni tó bá gbà kéèyàn ná òun, oníṣòwò gidi ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Màámi náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá mi léjìká. Ibi tí mo ti ń nu ojú ni ọ̀rọ̀ náà ti wá ká mi mọ́.

"Màámi," mo ní, "ìjọba ló pè yín padà?"

"Àwọn ni."

"Ìjọba ló dínwó fún yín?"

Ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì tán pátápátá. "Kí ni mo sọ?"

"Ní ọsibítù yín nígbà yẹn, táwọn èèyàn bá fẹ́ ra káàdì, ṣé wọ́n máa ń ná an?"

Adìẹ kan kọjá níwájú wa, màámi kò sì lé e. Ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọ́n máa ń fẹ́ ná an. Èmi ni mo máa ń lé wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọjà kọ́ nìyí, iṣẹ́ ìjọba ni, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni iye rẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì tún ń bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí i. Mo gba fóònù, mo ṣí ìkànnì tó lò. Ó lẹ́wà ju ti ìjọba lọ, kí n má purọ́. Àwọ̀ ewé tútù ni wọ́n lò, àwòrán àgbàlagbà méjì tó ń rẹ́rìn-ín wà lókè. Mo fà á wá sísàlẹ̀ títí mo fi dé òpin pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà, pé àwọn kì í ṣe ìjọba, àwọn kò sì bá ìjọba tan. Pé ẹni tó bá sanwó fún àwọn, owó ìrànlọ́wọ́ ló san.

Màámi wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ẹni tó ń ka nǹkan yìí. Tí màámi bá fẹ́ ra gààrí lọ́jà, kì í wo èyí tó wà lókè àpò rárá. Á ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, á ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìsàlẹ̀, á bu díẹ̀ wá láti ibẹ̀, á jù ú sẹ́nu, á rún un, á máa wo òkè bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Ó ti kọ́ wa láti kékeré pé òkè àpò ni wọ́n máa ń da èyí tó dáa sí. Gbogbo àwọn oníṣòwò gààrí ló mọ ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọn ò tiẹ̀ purọ́ fún mi. Èmi ni n ò wo ìsàlẹ̀."

Ó wá bọ́ awò ojú náà. Ó béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. "Ṣé wàá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Tí ìjọba kò bá rí màámi títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa pè, orúkọ rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí àrólé. Á gbọ́ pé màámi sanwó fún ìwé tí kò já mọ́ nǹkan kan, á sì gbé mọ́tò wá kó o lọ. Mo ń wo igi ọsàn yẹn, mo ń wo ilé tí bàbá wa kọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ fún ìjọba pé ẹ wà láàyè."

A lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dáa. Kí n tó tẹ ohunkóhun, màámi di ọwọ́ mi mú. Ó ní ká kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. A wo ìsàlẹ̀. Ó ní ká yẹ àdírẹ́sì rẹ̀ wò mọ́ èyí tó wà nínú ìwé tí iléeṣẹ́ ìfẹ̀yìntì fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ó wọlé lọ mú un wá, a yẹ̀ ẹ́ wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó dọ́gba. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbà kí n tẹ̀ ẹ́.

Fóònù ní kó bọ́ awò ojú, ó bọ́ ọ. Ó ní kó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i. Ó ní kó ṣẹ́jú, màámi ranjú mọ́ ọn.

"Ẹ ṣẹ́jú, mà."

"Mo ti ṣẹ́ ẹ."

"Kò rí i."

"Ojú rẹ̀ ló ń dùn ún nìyẹn. Èmi tí mo ti tọ́jú ojú aráyé!" Ó wá ṣẹ́jú lemọ́lemọ́ bí ẹni tí ata tà sójú, ìbínú hàn gbangba lójú rẹ̀. Ìyẹn ni ìjọba gbà. Àmì aláwọ̀ ewé kan jáde, wọ́n ní àwọn ti rí i, ó wà láàyè.

"Èló ni?" ó béèrè.

"Ọ̀fẹ́ ni, mà."

"Ọ̀fẹ́?" Ó wo fóònù náà bí ẹni ń wo ẹran tó ti ń rùn. "Tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá mi lójú."

A ò tíì kúrò nídìí táǹkì nígbà tí fóònù dún. Ọkùnrin tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ yẹn ni. Ó ní ó ku owó díẹ̀ tí wọ́n máa fi gbé ìwé màmá dé ọ́fíìsì. Màámi fi ìka sẹ́nu kí n má sọ̀rọ̀, ó sì yí ohùn rẹ̀ padà bí ohùn ẹni tó ti ń sunkún láti àárọ̀.

"Ẹni tí ẹ̀ ń béèrè ti kú," ó ní.

"Háà! Mà, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ sì fún un níwèé pé yóò wà láàyè di ìparí ọdún. A wá fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i."

Ọkùnrin náà kò dágbére tó fi pa fóònù. Mo ń pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má fi ìyẹn ṣeré, màámi ń rẹ́rìn-ín, ó di òpó táǹkì mú kó má baà ṣubú.

Nígbà tí ẹ̀rín rẹ̀ rọlẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. "Bá mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mà. Ó ti tán. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un."

"Mo ní kó o pè é. N kò ní í máa sá fún ọmọ tí mo bí nínú ilé ara mi."

Mo pè é. Màámi kí i, ó béèrè àwọn ọmọ, ó wá ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́: bó ṣe mú èyí tó gbowó, bó ṣe ná an, bí kò ṣe wo ìsàlẹ̀. Ó ní òun sì ti tún un ṣe. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nínú fóònù, ó ń ga sí i, mo gbọ́ "yàrá", mo gbọ́ "lọ́la". Màámi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìjọba ti gbà pé mo wà láàyè. Ó ku ìwọ."