Oúnjẹ Ọ̀sán Ọ̀gá Mi

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Modern School ọdún méjì péré ni, àmọ́ ọwọ́ mi yá lórí tàípúráítà. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà kan tó ní ọ́fíìsì ní Kétu, létí títì Ìkòròdú, fi gbà mí sí iṣẹ́ akọ̀wé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di owó lágbègbè wa nígbà yẹn, ẹjọ́ ilẹ̀ ló sì kún ọwọ́ Ọ̀gá mi.

Ọ̀gá kì í jẹun ọ̀sán. Fáìlì mẹ́rin á ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níwájú wọn, wọn ò ní parí ọ̀kankan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tó yá, dókítà kan ní àdúgbò Anthony sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru kọjá bó ṣe yẹ. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa lò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní tí wọn ò bá yí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá pè mí.

"Láti òní lọ, fáìlì kan ni màá máa ṣí. Aago mẹ́jọ sí méjìlá, n ò rí àlejò. Tó bá di méjìlá, màá jẹun, màá lo oògùn mi, màá wá gba èèyàn títí di aago mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé yá. Ìwọ ni ilẹ̀kùn mi o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dára débi pé ó yà mí lẹ́nu. Ìwé ẹjọ́ tí a máa ń fà fún ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gá parí rẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù. Wọ́n jẹ ìrẹsì tí Màdáámù, ìyàwó wọn, ní kí n gbé wá fún wọn láti ilé. Wọ́n tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àṣìtẹ̀ mi ti dín kù, torí kò sẹ́ni tó ń pariwo lé mi lórí mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àgbà mẹ́ta láti Ìkòsí wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Lọ́yà wa ńkọ́?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró di..."

"Ká dúró?" Ẹnì kejì wọn rẹ́rìn-ín. "Àwa tí a jí kí oòrùn tó jí? Òwúrọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọmọ mi. Ìkíni lásán la tiẹ̀ bá wá."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ẹnì kẹta wí. "Akọ̀wé ńlá ni. Òun ló ń ti lọ́yà mọ́lé."

Ọmọ Yorùbá wo ló máa ní kí orí ewú lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ kù. Orúkọ yẹn, akọ̀wé ńlá, ló ta mí lára, bíi pé mo ń ṣe fáàrí sí wọn. Mo ṣílẹ̀kùn. Ìkíni lásán di wákàtí mẹ́ta. Ọ̀gá ò lè lé wọn. Ẹni tó bá ti wọlé ti di àlejò.

Ìròyìn tàn pé n ò le. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, ojoojúmọ́ ni mò ń ṣílẹ̀kùn. Aago méjìlá á lù, abọ́ oúnjẹ á wà lórí tábìlì mi, Ọ̀gá á ní, "Gbé e dúró ná." Wọn á kàn fi omi gbé oògùn mì láàárín ọ̀rọ̀. Tó bá di aago mẹ́ta, tí oúnjẹ ti tutù, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́. Mo máa ń fọ abọ́ náà mọ́ tónítóní kí n tó gbé e padà sílé wọn. Màdáámù á gbà á lọ́wọ́ mi, inú wọn á dùn.

"A dúpẹ́ o. Daddy ti ń jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo máa ń dáhùn.

Oṣù kan gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bíírò bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ mú un, ọwọ́ ò gbà. Àwọn àlejò tó wà lọ́dọ̀ wọn bá mi gbé wọn sínú mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ní Anthony.

Dókítà bi Màdáámù, tí a ti ránṣẹ́ pè, pé, "Ṣé wọ́n ń jẹun kí wọ́n tó lo oògùn?"

"Wọ́n ń jẹun dáadáa. Òfìfo ni abọ́ ń padà wá. Akọ̀wé wọn nìyí, ẹ bi í."

"Á jẹ́ pé oògùn yẹn ò ká a. Màá fún wọn ní èyí tó le jù ú lọ."

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó wá sí mi lọ́kàn pé tí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, n ò ní purọ́. Mo wá wo ọwọ́ Ọ̀gá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sùn síbẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíì.

"Dókítà, ẹ dúró. Èmi ni mò ń jẹ oúnjẹ náà."

Dókítà fa ìlà lé ohun tó kọ. Màdáámù yíjú sí mi. Wọn ò pariwo.

"Ṣé ó dùn?" ni wọ́n bi mí.



Ọwọ́ Ọ̀gá padà díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì lé mi. Ọ̀gá ní àwọn náà ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà láti inú, àwọn ì bá ti ké sí mi pé kí n má ṣílẹ̀kùn, àmọ́ ó ń dùn mọ́ àwọn bí àwọn èèyàn ṣe ń wá àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tù mí nínú. Títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn, tí Màdáámù bá ní kí n wá jẹun, mo máa ń ní mo ti yó.