Ọdún Tí Ẹgbẹ́ Méjì Jókòó Sórí Àga Kìíní

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù nígbà tí mo rí àṣìṣe náà. Aago márùn-ún ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Wákàtí kan yẹn gùn lára mi ju ọdún mẹ́rin tí mo lò ní yunifásítì lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ìyá mi kò tíì gbà títí dòní pé iṣẹ́ ni. Ní àwọn ọdún tí owó ń ya wọ Dublin, tí èèyàn kò lè gbójú sókè láìrí irin gíga tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sórí ilé tí wọ́n ń kọ́, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń gbé oríṣiríṣi iṣẹ́ wá síbẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì wa ní Clondalkin ni a ń pè ní àtẹ ìṣáájú.

Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, tí àwọn géńdé láti òdìkejì á sì dà lu ẹni tó gbé e bí ìgbà tí àpò sìmẹ́ǹtì já bọ́ láti orí ọkọ̀. Odindi ìlú ni í ya wèrè lórí rẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá, àwọn oníròyìn eré ìdárayá lọ́hùn-ún á jókòó, oníkálukú á to ẹgbẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó gbà pé ó dára jù. Ẹgbẹ́ tó fi sípò kìíní gba máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìkejì gba mẹ́rìnlélógún, títí dé orí ẹni ìkẹyìn tó gba ẹyọ kan. Àwa ará Clondalkin, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì fojú rí bọ́ọ̀lù náà rí, la máa ń ro máàkì wọn pọ̀, tí a sì ń fi àtẹ ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn. Ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde kí wọ́n tó ṣe é ni. Filọ́sọ́fì ni mo kà. Iṣẹ́ náà bá mi mu.

Alhaji Mudaṣiru ló mú mi débẹ̀. Mò ń ru iṣu nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Moore Street nígbà náà, mo sì ń bá oníbàárà kan jiyàn lórí bóyá iṣu tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé lè jẹ́ iṣu tó jẹrà. Alhaji, tó wá ra èlùbọ́, dúró gbọ́ wa tán. Ó bi mí léèrè ohun tí mo kà nílé ìwé. Mo sọ fún un. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n dárúkọ àìsàn fún.

"Wá rí mi lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Ẹni tó lè jiyàn tó báyìí lórí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ wà fún un lọ́dọ̀ wa."

Ogún ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìbàdàn kó tó wá sí Dublin. Táì kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rúlà onígi tó gbé wá láti ilé ìwé kì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ó máa ń fi rúlà náà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìbò, á pè é sókè, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Orla, máníjà wa, tí àkọ́bí Alhaji fi ọdún mẹ́ta jù lọ, máa ń pè é ní Muda. Àwa Yorùbá mẹ́ta tó wà ní tábìlì náà kì í jókòó kó tó jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ògún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àlejò wà nínú yàrá onígíláàsì lọ́dọ̀ Orla: Ọ̀gbẹ́ni Todd, aṣojú àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa, tó fò wá láti Amẹ́ríkà láti wò bóyá kí wọ́n tún àdéhùn wa ṣe tàbí kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ síbòmíràn. Ohun tó wà lára káàdì rẹ̀ ni Igbákejì Ààrẹ fún Ìfojúsọ́nà. Káàdì ọ̀hún nípọn débi pé èèyàn lè fi gé búrẹ́dì. Èmi náà ní ìfojúsọ́nà tèmi. Pámíìtì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ máa kú ní ìparí oṣù yẹn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fi tún un ṣe sì wà nínú dúrọ́ọ̀ Orla, ó ń dúró de ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Ó ti sọ fún mi láìfi bò pé òun kò lè buwọ́ lù ú àfi tí àdéhùn bá dúró. Tí àdéhùn bá lọ, èmi náà ń lọ nìyẹn.

Ìwé ìbò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù títí di aago mẹ́ta ààbọ̀, ti oníròyìn àgbàlagbà kan tí kò gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ fáàsì tí Orla ń pè ní "that yoke", bí àwọn ará Dublin ṣe ń pe nǹkan tí wọn kò ráyè dárúkọ, tu ìwé náà jáde. Alhaji fi rúlà sábẹ́ rẹ̀, ó pè é, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ méjì tó wà lókè wá ní máàkì kan náà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ méjì lásán: ìlú méjèèjì kórìíra ara wọn débi pé wọn kì í fẹ́ ọmọ ara wọn. Alhaji fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan, ọ̀kan gorí èkejì. Ó tẹ àtẹ náà jáde, ó gbé e wọ yàrá onígíláàsì. Orla yẹ àwọ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Todd ka orúkọ tó wà lókè, ó sì na àtàǹpàkò sí wa.

Èmi ló kàn láti ka iṣẹ́ náà nígbà ìkẹyìn kí n tó rán an. Ibẹ̀ ni mo ti rí òpó kan nínú àtẹ orí kọ̀ǹpútà, ìlà tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n fún pọ̀ tó tín-ín-rín bí òwú. Mo fà á gbòòrò. Ọdún tí wọ́n dá ilé ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo rántí àwọn tí máàkì wọn ti dọ́gba ní àwọn ọdún tó kọjá, ní ipò kẹrìnlá, ní ipò kejìlélógún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Mo ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dàgbà jù ló wà lókè nígbà gbogbo. Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà ló ń yàn. Alhaji ni. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bu ọwọ́ sí àwo, ó sì ti gbé àṣà náà lọ sí Amẹ́ríkà láìsọ fún wọn.

Fáìlì òfin iṣẹ́ wà ní yàrá ìjẹun, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó tíì sí, èyí tí àwọn ará Dublin ń pè ní "press". Mo lọ ṣí i. Ó wà níbẹ̀ ní kedere: ẹgbẹ́ méjì tí máàkì wọn bá dọ́gba, ipò kan náà ni kí wọ́n wà, kí ipò tó tẹ̀ lé e ṣófo. A sì máa ń fi máàkì ránṣẹ́ pẹ̀lú ipò. Gbogbo ìlú kan ló máa rí i pé wọ́n yọ àwọn sípò kejì láìnídìí.

Mo wo aago: aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo lè tún un ṣe kí n sì dákẹ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Todd ti rí orúkọ kan ṣoṣo lókè. Mo lè pe Orla, kí n dójú ti ẹni tó gbé iṣu kúrò lórí mi. Alhaji fúnra rẹ̀ wọlé wá bu omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀pù.

"Ó ti lọ?" ó béèrè.

"Ó kù díẹ̀, sà. Nǹkan kan ló rú mi lójú, mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀."

"Sọ ọ́ kíákíá."

"Nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, tí ọmọ méjì bá gba máàkì kan náà, ipò wo lẹ máa ń kọ sínú káàdì wọn?"

"Ìkíní fún àwọn méjèèjì," ó ní, láìtiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹni tó tẹ̀ lé wọn á gba ìkẹta."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ wo èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n?"

"Nínú ìdánwò? Káyọ̀dé, ṣé orí ẹ..."

Kò parí rẹ̀. Omi gbígbóná kún kọ́ọ̀pù, ó dà sórí tábìlì, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí fáìlì tó wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Ọmọ ni mò ń fún ní máàkì nígbà yẹn," ó sọ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Níbí, ó dà bíi pé ilé ni mò ń tò. Ilé tó kọ́kọ́ tẹ̀dó." Ó fi ìwé nu omi. "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan, sà."

"Fọ́ọ̀mù rẹ wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀ láìmu, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Nínú yàrá onígíláàsì, Alhaji ṣàlàyé ohun gbogbo ní irú Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń sọ fún àwọn òbí ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Todd rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ipò kìíní tó jẹ́ méjì kì í tà. Ó ní ìwé ìròyìn fẹ́ orúkọ kan. Ó wá béèrè, bí ẹni ń béèrè ṣúgà, bóyá a kò kàn lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Orla wo aago. Ogún ìṣẹ́jú ló kù. 

"Mi ò gba ipò lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí," ni Alhaji wí, "àfi níbí, mi ò sì mọ̀ pé mò ń gbà á. Ẹ fi orúkọ mi sára àṣìṣe náà. Ẹ fi orúkọ ọmọ yìí sára àtúnṣe rẹ̀."

Orla ní, "Grand." Ní Dublin, ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ pé ó dára, ó sì lè jẹ́ pé máa lọ sílé. N kò mọ èyí tó jẹ́. Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo pa òpó ọdún rẹ́, mo gbé ẹgbẹ́ méjèèjì sórí àga kan. Alhaji dúró lẹ́yìn mi, ó fi rúlà sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ló kù kí aago márùn-ún lù nígbà tí mo rán an.

Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìlú kìíní ń bínú pé wọ́n mú àwọn jókòó ti ìlú kejì, ìlú kejì ń bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn kò sọ nǹkan mìíràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Kó tó di ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Todd ti ń sọ bí èrò náà ṣe wá sọ́kàn òun. Wọ́n tún àdéhùn ṣe. Orla ṣí dúrọ́ọ̀, ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi, ó sì sọ fún mi lẹ́sẹ̀kan náà pé èmi ni mo máa jókòó sí àyè olórí nídìí tábìlì láti ìsinsìnyí, kí Muda máa kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, Alhaji ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Rúlà nìkan ló fi sílẹ̀.

Ìdíje parí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ méjèèjì kò sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Alhaji fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún méjì, ó ń padà sí Ìbàdàn. A se ìrẹsì nílé mi ní Phibsborough, a gbé e wá sí yàrá ìjẹun ọ́fíìsì. Mo bu àwo àkọ́kọ́, mo tẹrí ba díẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀ kí n tó bu ti ẹnikẹ́ni. Ó wo àwo náà, ó wò mí.

"Ṣíbí tìẹ dà?"

Mo ní ẹ kọ́kọ́ jẹ ná, sà. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ó sún àwo sí àárín. Mo mú ṣíbí wá, mo jókòó, mo ń retí kó bu tirẹ̀. Ó di ṣíbí rẹ̀ mú lókè àwo, kò bù ú, ó ń dúró dè mí.