Ìyàwó Wákàtí Kan

Ọwọ́-Rọ̀ ni wọ́n ń pe onígbàjámọ̀ yìí, nítorí pé abẹ rẹ̀ kì í ha ni lọ́rùn. Ó mọṣẹ́ débi pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ti tó o láti gẹ orí àgbàlagbà kó sì mọ́ roro. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti rí i pé ẹni tí wọ́n bá tètè gẹrun fún kì í gbà pé wọ́n ṣe iṣẹ́ òun dáadáa. Nítorí náà, bó bá gẹ ẹ́ tán, á tún máa fi sísọ́ọ̀sì gé afẹ́fẹ́ lẹ́bàá etí oníbàárà, irun kan ò sì ní jábọ́. Oníbàárà á dijú, á máa gbádùn. Ẹ̀tàn ni, àmọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára, àfi ìgbà tó gbé irú ìrònú bẹ́ẹ̀ délé.

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ níléeṣẹ́ alágbàfọ̀ kan. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni, òkìtì lórí òkìtì, lórí ìdúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí àwọn ọmọ méjèèjì bá ti lọ kí ìyá àgbà wọn, tọkọtaya á ti ilẹ̀kùn yàrá. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe níbẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìgbádùn obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ á gbórí lé e láyà, á máa sín àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ: eléyìí tó ń hanrun lórí àga, tọ̀hún tó ní kí wọ́n bá òun wá irun díẹ̀ fi bo ibi tó pá. Wọn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ ò bi í rí pé ṣé ó tó, ìyàwó náà ò sì sọ ọ́ rí pé ó tó. Ohun tó bá tẹ́ni lọ́rùn, ta ní ń jókòó ròyìn ẹ̀?

Awakọ̀ tírélà kan ló wá da omi ọ̀rọ̀ rú. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́-Rọ̀, ó ń retí kó kan òun, ẹnu ń yún un.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ má tan ara yín jẹ o," ó ní. "Èmi, bí mi ò bá tíì lo wákàtí kan, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ nìyàwó mi á máa bẹ̀ mí!"

Àwọn ará bẹ́ǹṣì hó yèè. Ọ̀kan ní ogójì ìṣẹ́jú ni tòun, ó sì fi ìtìjú sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Awakọ̀ tí kì í sùn nílé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ibo ló ti rí wákàtí náà? Bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó fura, Ọwọ́-Rọ̀ ni, òun tó ń gé afẹ́fẹ́ fún wọn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́ pátá. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì rò ó pé ìyàwó òun kàn ń bo òun láṣìírí ni.

Ó ra òróró kan lọ́wọ́ akirioògùn, irú èyí tó ń mú kí ara kú tipiri, kí ọkùnrin má bàa tètè parí. Lọ́jọ́ Àìkú, ogójì ìṣẹ́jú ló lò, ojú rẹ̀ ò kúrò lára aago ògiri. Bó ti parí báyìí, oorun gbé e lọ. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ. Obìnrin náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn ń ro ó, abẹ́ ń ta á.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó rọra bi í pé, "Dádì, ṣé kò tíì tó ni?" Inú ọkùnrin náà dùn dé ọ̀run. Ẹ̀bẹ̀ tí awakọ̀ wí nìyẹn! Ẹ ò rí i bí òmùgọ̀ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀? Nígbà tó yá, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kí ọkọ lè rò pé òun ti yó, kó sì dìde lára òun. Ọkùnrin náà gbọ́ igbe, ó gbà pé ìyìn ni, ó tún fi kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni kò pa ẹnu mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fọ́nnu. "Èmi náà ti di oníwákàtí kan. Ẹ bi àwọn alájọgbélé mi," ó sọ fún wọn. "Igbe ìyàwó mi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọ̀sán Àìkú ti tó." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan níbi iṣẹ́, obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ na ọwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì kejì.

"Ìyàwó Wákàtí Kan, ẹ mà kú ìfaradà o! Ọkọ mi lọ gẹrun lánàá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ké."

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Áyọ́ọ̀nù jókòó sórí aṣọ títí aṣọ fi jó, obìnrin náà ò mọ̀. Ojú tì í débi pé kò lè sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ bá a ní pálọ̀, kò tíì bọ́ bàtà.

"Kí lẹ sọ nípa mi ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Eré ọkùnrin lásán ni..."

"Ìrora ni mò ń ké! Mò ń ké kẹ́ ẹ lè dìde lára mi!"

Ọwọ́-Rọ̀ wá àga jókòó. "O ò ṣe wá sọ fún mi?"

"Mo bi yín pé ṣé kò tíì tó. Ẹ̀rín lẹ rín."

"Nítorí ẹ ni mo ṣe ń ṣe é. Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kéré lójú ẹ."

"Ta ló rán yín? Ọjọ́ wo ni mo ráhùn? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn tó mi. Ẹ̀rín tá a máa ń rín lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fi ń dúró látọjọ́ Ajé. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ wá lọ fi mí ṣe fàájì fún àwọn ará bẹ́ǹṣì."

Ọkùnrin náà da òróró nù, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà ò kó ẹrù. Ó ní òun ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ọkọ ò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Àìkú kẹrin, ọkọ ní ìtàn kan tó ti fi pa mọ́ fún un láti ìjẹta: oníbàárà kan ló sùn lọ lórí àga, ló bá ń bẹ àna rẹ̀ lójú oorun. Àwọn ọmọ ti lọ. Ìyàwó dojú kọ ògiri lórí ibùsùn. Ọkọ jókòó tì í, ó rọra gbọ́wọ́ lé e léjìká.

Kíá ni obìnrin náà yí padà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó di ojú pinpin.

"Rárá o," ọkùnrin náà wí, ó fa aṣọ náà bò ó padà. "Mo kàn fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ni."

Ìyàwó ò la ojú.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà?"